Ẹni Tó Kọ́ Ọba ní Gìtá

Mo ń retí kó kàn mí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan l'Ókòtà, nígbà tí onígbàjámọ̀ náà àti bàbá tó ń gẹrun fún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ta ló yẹ ká pè ní ọba olórin rọ́ọ̀kì.

“Dádì, tèmi nìyẹn,” ni onígbàjámọ̀ wí, ó nawọ́ sí fọ́tò olórin kan lára ògiri. “Kò sẹ́ni tó mọ gìtá ta tó o.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ.”

“Ẹ̀yin kẹ̀?”

“Nínú yàrá mi nítòsí ọjà Aswani. Ọdún mẹ́ta ló fi jẹ oúnjẹ ìyàwó mi. Nígbà tí wọ́n bi í lórí rédíò pé ta ló kọ́ ọ, ó ní, ‘Mo dá a kọ́ ni.’”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fáráyé?”

“Mo sọ fún ọmọ tí mo bí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dójú ti òun lójú àwọn ọ̀rẹ́ òun.”

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ. Bàbá náà ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

“Òun náà ni ọba, mi ò bá ẹ jiyàn ìyẹn. Àmọ́, ‘Mo dá a kọ́ ni’! Ká ní ó sọ pé òun ti gbàgbé orúkọ mi ni, ǹ bá fara mọ́ ọn.”