Orin Tí Mo Jí Lẹ́nu Mùsítúrà

Ẹ̀yin tí ẹ ti sunkún sí orin mi láti Ọ̀jọ́ dé Òkòkòmáíkò, ẹ jókòó. Èmi Àwẹ̀ró, ìyá Akínwùmí, mi ò fẹ́ gbé àṣírí yìí wọ sàréè: orin yẹn kì í ṣe tèmi.

Mùsítúrà ló ni ín. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìbá. Nígbà tí ọ̀sà gbé Àrínọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sunkún. Ó kàn ń fọ aṣọ ọmọ náà ní àràárọ̀, aṣọ tí kò dọ̀tí, á sì máa kọrin jẹ́jẹ́: "Mo bu oúnjẹ sílẹ̀, ó ti tutù, mo pe Àrínọlá, ọ̀sà ló ń jẹ́." Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi á fúyẹ́, bí ẹni pé mo dùbúlẹ̀ sójú omi, tí omi ń gbé mi lọ. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mo fi fóònù gba orin náà sílẹ̀. Olè ni mí.

Mo yọ orúkọ ọmọ náà kúrò, mo fi "olólùfẹ́" dí i. Mo ní ìyá ìyá mi ló kọ́ mi. Níbi ìsìnkú tí wọ́n bá pè mí sí láti kọrin, bí mo bá ti gbẹ́nu lé e, gbogbo èrò á bú sẹ́kún. Sójà kan ní bárékè Ọ̀jọ́ ṣí fìlà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Opó kan dì mọ́ mi, ó ní, "Màmá, mo rí ọkọ mi nínú orin yín." Ẹkún wọn ń pa mí bí ẹmu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, níbi ìsìnkú kan, Mùsítúrà wà láàárín èrò. Òun nìkan ni kò sunkún. Ó dìde: "Ìyá Akínwùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ ọmọ mi padà sínú ẹ̀." Gbogbo ojú yí sí mi. Kí ni mo wí? Ẹnu mi yìí náà ló sọ pé, "Ẹ má dá a lóhùn. Orí ẹ̀ ti dàrú látìgbà tọ́mọ ẹ̀ ti kú." Wọ́n fà á jáde. Mo sì kọ orin náà parí, Ọlọ́run mi! Wọ́n sunkún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mùsítúrà kó kúrò nílé. Ọdún mẹ́fà kọjá bí àlá. Nígbà tí dókítà dárúkọ àìsàn tó wà lọ́fun mi, mo wá a lọ sí Ìjanikin. Èmi tí mo lè bí i, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, mà. Láti ọjọ́ yẹn, mo ti wá orin náà tì lẹ́nu mi. Ẹ kọ́ mi."

Ohùn mi ti há, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó dé ibi orúkọ ọmọ rẹ̀, ẹkún tó yẹ kó ti sun láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú bú jáde. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Èmi náà ò lè béèrè. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.