Oyin Ìṣínu Ṣítù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi adùn sínú ohun tí kòkòrò gbé lẹ́nu wá, tó sì tún fi ìwòsàn sí i. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin jàmáà mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: ẹni tó bá mọ àléébù ohun tó fi lé ọmọnìkejì lọ́wọ́, dandan ni kó sọ ọ́. Kó sọ ọ́ kí ọwọ́ tó dé ẹnu. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lẹ́yìn gàgá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó dáa. Ẹ bá mi pa fóònù yẹn.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣítù, ní aba kan báyìí lápá Ìṣẹ́yìn. Oyin ló ń sìn. Àpótí oyin méjìlá ló gbé kalẹ̀ sábẹ́ igi kajú àti igi emi. Nílé wọn, bàbá rẹ̀ ti dá àṣà kan sílẹ̀: oyin tí wọ́n bá kọ́kọ́ kó nínú oṣù ààwẹ̀, wọn kì í tà á. Mọ́sáláṣí ló ń lọ, fún ìṣínu. Tí wọ́n bá ti bu oyin yẹn sínú kókó gbígbóná, ẹ má wulẹ̀ bèèrè! Àwọn tí kò gbààwẹ̀ gan-an á wá bá wa ṣínu. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá oyin ni ìjàlọ. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wọ́ wá, wọ́n á gun ẹsẹ̀ àpótí, wọ́n á jẹ oyin àti ọmọ oyin tán pátá. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò le, àmọ́ ojoojúmọ́ ni. Àwọn tó ń sin oyin á ti ẹsẹ̀ àpótí bọ inú agolo, wọ́n á bu ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò sí i, ìjàlọ ò ní lè kọjá. Wọ́n á sì máa ro abẹ́ rẹ̀, torí koríko kan ṣoṣo tó bá fara kan àpótí, ọ̀nà ti là nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá Ṣítù fi ṣe é. Ṣítù ní ààwẹ̀ ń gbẹ òun lọ́fun, òun ò lè máa roko nínú oòrùn. Kí ló ṣe? Oògùn eléruku tí wọ́n ń dà sẹ́wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, òun ló mú. Ó wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ àpótí, ó wọ́n ọn dé ẹnu ihò tí oyin ń gbà wọlé.

Ìjàlọ kú lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta, oyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Òmíràn ń yí bírí nílẹ̀, òmíràn ti kú. Ṣítù rí i. Ó ní, "Òjò ló pa wọ́n." Ta ló ń tàn? Ó gé afárá, ó fún oyin kún kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e wá sí mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n pè wá ṣe tàfúsírù lọ́dún yẹn. Mo ṣàdúrà fún Ṣítù títí, gbogbo èèyàn ń ṣe àmín.

Ó délé, ó da afárá tí ọmọ oyin wà nínú rẹ̀ fún adìẹ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó bá sùn lọ. Nígbà tó jí ní Alásárì, adìẹ mẹ́fà ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn ilé.

Háà! Ẹ ro ó wò. Oyin ti wà ní mọ́sáláṣí. Oòrùn ń wọ̀. Gbogbo aba ń retí ìṣínu.

Ṣítù sáré. Ó dé mọ́sáláṣí. Ó bá àwọn obìnrin tí wọ́n ń ro kókó, Ìyá Súnnà, olórí àwọn obìnrin mọ́sáláṣí, sì jókòó ti kẹ́ẹ̀gì náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e padà. Mo fẹ́ lọ tún un sẹ́."

"Oyin tó mọ́ tó báyìí? Ṣítù ọkọ mi, sàráà tó ti wọ mọ́sáláṣí kì í padà sílé. Lọ jókòó, ààwẹ̀ ló ń pa ọ́."

"Ìyá..."

"Kí ni?"

"Kò sí, mà."

Kò sí! Ó wà, ó ní kò sí. Ibẹ̀ náà ni Lèmọ́mù Dísù ti gbà kọjá, ó na ọwọ́ sí i: "Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé yín parun." Ìyìn yẹn dí ẹnu Ṣítù pa. Ó lọ jókòó síta, ó ń wo oòrùn. Oòrùn dé orí igi emi. Ó dé àárín ẹ̀ka. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Tí mo bá sọ ọ́, ta ló tún máa ra oyin mi? Wọ́n á ní mo fẹ́ pa jàmáà. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Ikú ta ni? Ẹ bá mi bi í! Ikú tirẹ̀ ni àbí ikú àwọn tó gbààwẹ̀? Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn, ẹ̀mí ara wọn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹ̀mí aládùúgbò.

Ládàánì ti jáde, ó ń ha ọ̀fun. Ìyá Súnnà ṣí kẹ́ẹ̀gì. Ṣítù dìde bí ẹni tó fẹ́ bá wọn bù ú, ó fi orúnkún gbá kẹ́ẹ̀gì náà. Oyin dà sílẹ̀ yàà!

"Yéè! Ẹ forí jì mí, ẹsẹ̀ mi ló yọ̀."

Èmi gan-an ni mo ní, "Má banú jẹ́, Ọlọ́run ti gbà á." Ṣítù mí kanlẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti parí. Ẹnikẹ́ni ò ní kú, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

Àmọ́ ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí kò lè rí sàráà kó ṣòfò. Sàbítíyù lorúkọ rẹ̀. Ìyá tó bí Ṣítù ni. Nígbà tí gbogbo wa ń tẹ́ ẹní mìíràn, ó kúnlẹ̀, ó rọra fi ṣíbí bu èyí tó mọ́ lókè sínú abọ́ rẹ̀. Ó ní, "Oyin ọmọ mi, ilẹ̀ kọ́ ló máa mu ún." Ládàánì ké pe ìrun. Kálukú na ọwọ́ sí dàbínù. Ìyá fi ṣíbí sẹ́nu.

Ṣítù yíjú, ó rí i.

"Màámi! Ẹ tu ú! Ẹ tu ú dànù! Májèlé ni!"

Dàbínù ṣì wà lẹ́nu mi, mi ò tíì gbé e mì. Ìyá ti gbé oyin mì ní tirẹ̀. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣítù, o mọ̀?"

Ó dojú bolẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá kú. Kò kú. A gbé e lọ sí ọsibítù, ó bì fún ọjọ́ mẹ́ta, Ọlọ́run yọ ọ́. Ìyá Súnnà sunkún, ó ní, "Ká ní ó sọ fún mi ni! Màá dà á nù, màá tún bá a ro abẹ́ àpótí náà." Ẹ ò rí i? Ojú tí ó ń tì í kò tó nǹkan. Àwọn èèyàn dárí jì í, wọ́n tún ń ra oyin rẹ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá yẹn tún lò láyé, kò sì sí ọjọ́ kan tí Ṣítù gbé oúnjẹ fún un tí kò kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Á gbé abọ́ dání, á ní, "Ṣé ó dáa?" Ṣítù á bù ú jẹ níwájú rẹ̀, kí ìyá tó jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń po àgbo, ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe, tí ẹ mọ̀ pé bíréèkì yẹn ò mú dáadáa: ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi ọgbọ́n dà á nù, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́. Ẹ gbọ́wọ́ sókè. Ọlọ́run, fi wá mọ̀nà. Fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ nígbà tó ṣì lè ṣàǹfààní. Dárí jì wá lórí èyí tí a ti fi pamọ́. Má sì jẹ́ kí ìyá tó bí wa máa wo ojú wa kó tó jẹ oúnjẹ wa. Àmín.