Ẹ Tú Ẹnu Mi Sílẹ̀

Màmá, mi ò jókòó. Ẹ má gbé àga kankan wá, ìdúró ni màá fi rò ó. Ọmọ yín ti fi mí ṣe ohun tí èèyàn kì í fi ọ̀tá ṣe, ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin náà ni màá bá rò ó. Báàgì mi rèé, mi ò tíì délé, láti ibùdókọ̀ ni mo ti ń bọ̀ níbí tààrà. Rárá, mi ò tíì jẹun. Mi ò fẹ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gan-an ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi oúnjẹ lọ̀ mí.

Áà, mi ò tiẹ̀ tíì kí yín. Ẹ má bínú. Ẹ kú ilé o, mà. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́? A dúpẹ́. Ẹ jẹ́ n máa bá ìbínú mi lọ.

Ṣebí ẹ mọ̀ pé òun ló ní kí n wá? Mi ò tọrọ ẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, Pẹ́lẹ́bẹ́ bá pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àárò ẹ ń sọ mí, wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, oríṣiríṣi oúnjẹ tí o ò rí rí ló wà nílùú yìí, gbogbo ẹ̀ ni màá gbé fún ẹ." Ta ló máa gbọ́ ìyẹn kó ní òun ò lọ? Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo fi yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ láìní apá. Mo jókòó nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nígbà tí mo máa sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé bàtà ò gbà á mọ́.

Ó wá pàdé mi, ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Mo rò pé ayọ̀ ni. Ẹ bá mi fi ẹkún yẹn sọ́kàn o, mo ṣì ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ẹ mọ ibi tó ń gbé, àbí ẹ ò tíì débẹ̀? Yàrá kan àti kíṣìnnì ni, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Tí èèyàn bá yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀yìnkùlé ilé oúnjẹ tí ọmọ yín ti ń dáná ló máa rí, àwọn agolo òróró òfìfo àti ológbò kan tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ yín máa ń gbé abọ́ tó dé lọ́mọrí gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn bọ̀. Á gbé e síwájú mi, á ṣí i, á jókòó sódìkejì tábìlì. Kò ní jẹ. Ẹnu mi ló máa ń wò. Màmá, ṣé ẹ ti jẹun rí kí ẹnì kan máa wo ẹnu yín bí ìgbà téèyàn ń wo bọ́ọ̀lù? Tí mo bá gbé e mì, òun náà á mí kanlẹ̀. Á ní, "Báwo ló ṣe rí?" Màá ní, "Ó dára gan-an ni, ẹ kú iṣẹ́." Á tún ní, "Sọ òótọ́." Màá ní, "Òótọ́ ni mo sọ."

Kí ni kò gbé fún mi jẹ? Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹja. Ẹja tútù, ó gé e pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó tò ó sínú abọ́ rèǹtè-rente. Mo ní, "Ṣé gáàsì tán ni?" Ó ní rárá, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì, nǹkan kan nínú ìkarahun, ó fi ọ̀bẹ ṣí i, ó ní kí n dà á mì lẹ́ẹ̀kan náà, kí n má rún un lẹ́nu. Oúnjẹ tí wọ́n ní kéèyàn má rún lẹ́nu, kí ló dé tí wọ́n gbé e wá sórí tábìlì? Mo dà á mì. Ó gbé wàrà kan wá tó dì gbagidi, tó ti bu, àwọ̀ ewé wà lára ẹ̀. Nílé tèmi, tí nǹkan bá ti dà báyẹn, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbé e lọ, mi ò sì ní wẹ̀yìn. Ó ní olówó ló ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́. Kábééjì tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ títí tó fi kan, mo jẹ ẹ́. Wàrà mìíràn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kan kí wọ́n tó da oyin lé e lórí, mo jẹ ẹ́, mo tún lá ṣíbí. Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ pé ó dára. Àwọn mìíràn dára lóòótọ́ o, mi ò ní purọ́, ìkarahun yẹn, mo ti ń ronú ẹ̀ láti àná.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò sọ èyí tí kò dára? Ẹ̀yin lẹ ń bi mí? Màmá, ẹ̀yin? Ẹ dákun, ta ló fa etí mi létí kànga lọ́jọ́ tí mo sọ nílé ìyá aláṣọ òkè pé òkúta wà nínú ẹ̀wà wọn? Ṣé ẹlòmíràn ni? Ọmọ yín dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ di etí tiẹ̀ náà mú torí pé ó rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Ohun tí wọ́n bá gbé fún yín nílé onílé, ẹ jẹ ẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ pa ẹnu yín dé." Òkúta yẹn ṣì wà lẹ́nu mi nígbà yẹn o. Mo gbé e mì.

Ẹ sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nídìí iṣẹ́ mi. Mo ti sọ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín, lójú ìyá ọkọ ẹ̀, pé èjìká ẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, kó dúró dáadáa kí n tó wọ̀n ọ́n. Mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé abọ́ síwájú mi báyìí, ọ̀rọ̀ tán.

Ó wá di ọjọ́ ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja ni, wàrà ni wọ́n fi sè é. Mo bu ṣíbí kan. Màmá, ó kan! Ó kan débi pé ojú mi ọ̀tún dì fúnra ẹ̀. Kí ni kí n wá rò? Kábééjì kan, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Wàrà kan, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Mo ní áà, àwọn ará ìlú yìí mà fẹ́ràn kíkan o. Ọmọ yín ní, "Ó ńkọ́?" Mo ní, "Ó dára gan-an. Ọwọ́ ẹ ò ní rọ." Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ìkòkò, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé ọ̀gá wọn ní àlejò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọbẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ bóyá Pẹ́lẹ́bẹ́ ni wọ́n máa fi ṣe olórí kíṣìnnì, ipò tó ti ń retí láti ìgbà tó ti débẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé, mò ń wo ológbò, mo bá rí i tí wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ jáde lẹ́yìn, ẹ̀kún-ẹ̀kún, wọ́n ń dà á nù. Wọ́n da díẹ̀ fún ológbò. Ológbò gbóòórùn ẹ̀, ó yíjú padà. Ológbò, Màmá! Ológbò sọ òótọ́.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá wọn dúró láàárín kíṣìnnì, obìnrin tínínrín kan báyìí, kò pariwo rárá, ó kàn ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, irú èyí tó burú ju ariwo lọ. Ó ní, "Wàrà tó ti bàjẹ́ lo fi sebẹ̀ fún àlejò mi. O ò gbóòórùn ẹ̀? O ò tọ́ ọ wò?" Ọmọ yín tẹjú mọ́ iwájú áápọ́rọ̀n ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo tọ́ ọ wò. Èmi ni mo sọ pé ó dára." Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ wo?" Mo ní, "Àlejò ni mí." Ẹni tó ń fọ abọ́ pa omi.

Nígbà tí a gun òkè padà ló tó jẹ́wọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ní láti ìgbà tí ibà kan ti dá òun dùbúlẹ̀, imú òun ò gbóòórùn mọ́, ahọ́n òun ò mọ adùn mọ́, àtiyọ̀ àti ṣúgà, ìkan náà ni. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ó ní ọwọ́ òun àti ohun tí òun rántí lòun fi ń se oúnjẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nínú wọn ló máa gba ipò náà. Ó ní ẹnu tèmi nìkan lòun fọkàn tán, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí òun fi pè mí.

Ẹkún ibùdókọ̀ yẹn, ẹ̀rù ni, kì í ṣe ayọ̀.

Ó dùn mí, Màmá. Ó dùn mí wọnú eegun. Kì í ṣe torí pé ó fi ẹnu mi ṣiṣẹ́, ẹnu mi náà ni. Èmi tí a jọ sùn lórí ẹní kan nílé yín yìí, tí mo mọ ìgbà tí eyín ẹ̀ ká, ó gbé mi jókòó, ó ń bi mí pé báwo ló ṣe rí, kò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ayé òun ló wà nínú ṣíbí! Ká ní ó sọ ni! Ká ní ó sọ, ṣé màá jẹ́ kí ọbẹ̀ yẹn sọ̀ kalẹ̀?

Ẹ dúró. Níbẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn ni mo ṣe wá.

Mo rò pé màá sọ. Ọ̀gá wọn ti gbà kó se ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí kò bá dára, kó lọ máa fọ abọ́. Ọmọ yín bá sè é wò nílé, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ti mọ gbogbo ẹ̀ báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́, sọ bó ṣe rí gan-an." Mo tọ́ ọ wò. Ó ti jóná nísàlẹ̀, ó ń korò. Mo mọ̀ pé ó ń korò. Mo la ẹnu mi láti sọ pé ó ń korò, ẹnu mi ní, "Ó dára gan-an, ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo búra, bó ṣe jáde nìyẹn. Mo tún gbìyànjú. Ẹnu mi ní, "A dúpẹ́." Ọmọ yín ń wò mí, omi ń yọ lójú ẹ̀, etí mi ń gbóná níbi tí ẹ ti fà á. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Orí ni mo mì, pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mi orí, Màmá, mo sì ń gbé èédú mì!

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé báàgì mi. Mi ò sọ fún un ibi tí mò ń lọ, ó rò pé mo ti bínú lọ. Ẹ̀yin lẹ fi nǹkan yìí sí mi lẹ́nu, ẹ̀yin lẹ máa mú un kúrò. Kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi pé kí n máa sọ òótọ́. Mi ò bẹ̀bẹ̀, ẹ̀tọ́ mi ni. Ọkọ̀ ìdájí ọ̀la ni màá bá padà. Ẹ tú ẹnu mi sílẹ̀!

Màmá? Ibo lẹ ń lọ? Mò ń bá yín sọ̀rọ̀ pàtàkì, ẹ dìde ẹ wọ kíṣìnnì? Ẹ gbọ́, mo ní mi ò jẹun! Mo ní mi ò... Kí lẹ ń ṣí ìkòkò sí? Ọmọ yín wà níbẹ̀ tí ayé ẹ̀ ń bàjẹ́ lọ, ẹ ń bu ọbẹ̀.

Ó dáa. Ó dáa, màá jókòó. Ẹ gbé e wá. Torí pé ẹ ti bù ú ni o. Ẹ kú iṣẹ́, mà.

...

Kí lẹ ń wò lẹ́nu mi?

Ó... Ó dá... Rárá. Ẹ jẹ́ n tún un tọ́ wò.

Màmá, ẹ má bínú sí mi, ọbẹ̀ yín ò níyọ̀. Kò níyọ̀ rárá! Omi gbígbóná lásán ni! Ẹ̀yin tí gbogbo àdúgbò ń... Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Àbí kí lẹ ń rín? Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é! Háà, obìnrin yìí! Ẹ gbé iyọ̀ wá kíá, kí ẹ sì fi etí mi sílẹ̀, ọkọ̀ ìdájí ni mò ń bá lọ.