Èmi Ni Mo Ba Ojú Kọ̀ǹpútà Jẹ́, Bísí Ni Wọ́n Lé Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú mi. Àwọn tó máa ń sunkún kí wọ́n tó jẹ́wọ́ ń rí mi lára. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò bá má sọ ọ́ láéláé, àfi bí Bísí ṣe wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá láti wá dúpẹ́.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà la ti jọ ṣiṣẹ́. Àwa méjèèjì la kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìlà han àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe gbóná tó. Bísí máa ń gbàdúrà sórí kọ̀ǹpútà kó tó tàn án. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi nínú ọgbà yẹn.

Nígbà tó yá, ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Àwọn òṣìṣẹ́ ò ní rí bí ẹ̀rọ ṣe gbóná mọ́, ike á sì jóná sínú rẹ̀. Ọ̀gá wa, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ju ariwo lọ, ní iná tí kò dúró sójú kan ló fà á. Wọ́n pààrọ̀ wáyà. Wọ́n ra ojú kọ̀ǹpútà tuntun. Asán ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo tẹ nọ́ńbà gíga kan sínú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé ẹ̀rọ ti gbóná kọjá ààlà. Ìlà náà gòkè, ó kọjá etí àpótí tó yẹ kó dúró sí lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ sì kú. Mo tún un dán wò, ó tún kú. Mo wá wo ibi tí a ti kọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mi ò sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó dá ìlà dúró tó bá ti dé etí. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Mo tún un ṣe kíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bi mí, mo ní àwọ̀ pupa tí Bísí fi sí ìlà náà ló bà á jẹ́. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Àgùntàn ò bá béèrè ìbéèrè jù ú lọ. Wọ́n lé Bísí. Èmi yìí náà ni mo bá a gbé báàgì dé géètì, tí mo ní kó fara dà á. Wọ́n sì fi mí ṣe olórí ẹ̀ka wa.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó gbé ọsàn wá fún mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ìlò-Àwẹ́là lòun wà látìgbà náà, torí òun ò fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ òun mọ́. Iléeṣẹ́ kan ní Ìgbẹ́sà wá fẹ́ gbà á, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣàánú mi lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Tí wọ́n bá bi yín nípa ohun tí mo bà jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní mo ti kọ́gbọ́n."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì jẹ ọsàn ẹ̀.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi, ó ní kí n ṣáà yìn ín, kí n fi ìyókù sílẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ojo fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi wù mí.

Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá yìn ín, á ríṣẹ́, ṣùgbọ́n á ru ẹ̀bi mi dé Ìgbẹ́sà. Tí mo bá sòótọ́, iṣẹ́ tèmi lè lọ. Ọ̀la ni iléeṣẹ́ Ìgbẹ́sà yẹn máa pè mí. Kí ni kí n sọ?