Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Odi

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Bí mo bá jókòó, n kò ní lè parí rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Ìjọ yín, èmi tí mo tọ́jú Bàbá Àpọ́sítélì tó dá ìjọ yìí sílẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo jáde sí yín nínú àgbàlá, mo ní Bàbá ti fi ìjọ lé Jósẹ́fù lọ́wọ́, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ẹ gbà mí gbọ́. Alàgbà Ìsáyà, ẹgbẹ́ mi, tó bá Bàbá ṣán igbó ilẹ̀ yìí, nìkan ló béèrè bóyá ó dá mi lójú. A lé e jáde nítorí ìbéèrè yẹn. A pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà kó má baà wọlé mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tó sì wá tọrọ àyè nínú ilẹ̀ ìsìnkú wa, èmi ni ẹ rán sí i pé kò sí àyè. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà, mo padà sílé, mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ. N kò sunkún. Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti dákú nínú mi. Mo ń kọrin, mo ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń fi ẹnu mi ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá àdúrà, oorun sì gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó dúró níbi ẹsẹ̀ mi. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ti ń fa àwọ̀n láti kékeré. Ó ní kí n dìde. Mo dìde, mo tẹ̀ lé e, n kò bi í níbi tí à ń lọ.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan la kọ́kọ́ dé, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń rú èéfín. Àwọn ènìyàn tí kò lóǹkà dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń di ẹyin iná bó ṣe ń jáde, ó sì ń padà sọ́nà ọ̀fun wọn.

"Òpùrọ́ ni wọ́n," ni ó wí.

Níwájú díẹ̀, wọ́n so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, olúkúlùkù ń fa èkejì sí ọ̀nà ilé tí òun fi sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń débẹ̀. Ó ní àwọn tó dalẹ̀ ìgbéyàwó wọn nìyẹn. Mo wò wọ́n bí ènìyàn ti ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Àyà mi kò já.

Ìgbà tó yá, a dé ọ̀dọ̀ àwọn aninilára. Olúkúlùkù wọn ló gbé ilẹ̀kùn irin gbígbóná pọ̀n, ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Ọ̀kan sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé, mo sún mọ́ ọn, mo rí ọ̀dà aláwọ̀ ewé, mo rí ìdábùú tó ti wọ́, mo rí àgádágodo tuntun, ilẹ̀kùn ìjọ wa ni, èyí tí ẹ gbà wọlé láàárọ̀ yìí ni, ó ń pọ́n bọ̀, ó ń pọ́n bọ̀, okùn tí wọn yóò fi dì í mọ́ni lẹ́yìn ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi bí ejò, mo fẹ́ sá ẹsẹ̀ mi kò gbé, mo fẹ́ kígbe ẹnu mi kò là, okùn náà ti kan ọrùn ẹsẹ̀ mi kí ọkùnrin náà tó fà mí lọ́wọ́.

A gun òkè. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ta ojú. Àwọn olóòótọ́ ti bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sinmi bí ẹni tó ti oko dé. Ìyàwó Alàgbà Ìsáyà wà láàárín wọn, ó ń pa ẹ̀pà. Ó gbójú sókè, ó kí mi pé, "Ìyá Ìjọ, ẹ kú ìrìn," kò sì sí ìkùnsínú lójú rẹ̀. Mo wá omijé, n kò rí i.

Bàbá wa náà wà níbẹ̀, láìsí àga, láìsí ọ̀pá. Wọ́n wò mí, wọ́n sì wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń retí ẹlòmíràn.

"Ìsáyà ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.



Olùtọ́nà mi wá mú mi lọ sí ìsàlẹ̀ odi ìlú náà. Òkúta ìpìlẹ̀ méjìlá ló gbé e ró. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀kan nínú wọn, mo sì ka Pétérù lára rẹ̀.

"Orúkọ mi nìyí," ó wí. "Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí."

Mo bi í pé ṣé kì í ṣe òun ni Olúwa fún ní kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run ni, àbí àpọ́sítélì kò ní àṣẹ ni.

"Àṣẹ wà," ó wí. "Àṣẹ láti ru ilé ni. Bí òkúta ìpìlẹ̀ bá kúrò láti lọ jókòó sórí òrùlé, ilé á wó. Kọ́kọ́rọ́ tí mo gbà, mo fi ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà níta ni."

Ó ní òun náà ti purọ́ rí lẹ́ẹ̀mẹta, nídìí iná tí òun ń yá. Lẹ́yìn náà Olúwa bi òun lẹ́ẹ̀mẹta bóyá òun fẹ́ràn Rẹ̀, kò bi òun nípa ipò rárá. Àgùntàn ló ní kí òun máa bọ́.

"Padà lọ," ó wí. "Sọ ohun tí o gbọ́ lẹ́nu Bàbá yín. Má fi kún un."

Mo jí. Oòrùn ṣì ń ta, ẹní lẹ̀ mọ́ mi lára. Kí n tó wá bá yín, mo lọ bá Alàgbà Ìsáyà lóko kókó rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí ní ohun tí Bàbá sọ gan-an.

"Wọ́n ní ká má tú ká," mo dá a lóhùn. "Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun máa bá mi sọ, kí n lọ sọ fún ìjọ ná.

Mo ti sọ ọ́. Jósẹ́fù, àbúrò mi, irọ́ mi ló gbé ọ dé orí àga yẹn. O kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, o ti mọ̀ báyìí. N kò tíì rí ẹkún sun títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní dúró dè é kí n tó ronú pìwà dà. Ẹ̀yin ará, mo kìlọ̀ fún yín, ẹ má ṣe fi orúkọ àpọ́sítélì ni ẹnikẹ́ni lára. Ẹ jẹ́ ká dìde nísinsìnyí, gbogbo wa, ká lọ bá Alàgbà Ìsáyà nílé rẹ̀. Bó bá ní ká má wọlé, ẹ jẹ́ ká jókòó sílẹ̀ níta.