Ọjọ́ Ọjà Tí Mo Fi Pa Mọ́ Sínú Ẹ̀rọ Ibi Iṣẹ́ Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbogbo ibi iṣẹ́ wa ló ń yìn mí báyìí, ìyìn náà sì dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́. Wọ́n tún fẹ́ yìn mí níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Sátidé tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ. Ìlọrin ni ilé-iṣẹ́ wa wà, ṣùgbọ́n Osi ni mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. A ní ẹ̀rọ kan tó máa ń kó ohun tí gbogbo wa bá kọ jọ, tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó máa sọ ọ́ di odindi kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ àfikún fún ẹ̀rọ náà, àwọn nǹkan kéékèèké tí a ń pè ní pulọ́gíìnì, tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀: kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ tó mi níbi iṣẹ́ wa.

Ìyá mi ń ta iṣu. Orúnkún ń dùn ún, kò lè dá ọjà ná mọ́. Ọjọ́ ọjà wa kò sì mọ Mọ́ńdè tàbí Fúráìdè, ọrọọrún là ń ná an. Ó lè bọ́ sí Mọ́ńdè, kó tún bọ́ sí Fúráìdè, lọ́sẹ̀ kejì kó wá di Túsìdeè. Ọ̀gá wo lèèyàn máa ṣàlàyé ìyẹn fún? Mo tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kan, màdáámù wa ní kí n mú ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀. Mo bínú. Alágídí sì ni mí.

Mo wá kọ àfikún kan tó mọ ọjọ́ ọjà wa kà, mo fi pa mọ́ sínú òmíràn. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, ẹ̀rọ á kàn dúró, á ní nǹkan kan kò pé. Bó bá ti dúró, kò síṣẹ́ fún mi nìyẹn, èmi á gbé iṣu ìyá mi sórí ọ̀kadà, ó di ọjà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ á tún máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe é rí. Àwọn ará Ìlọrin wá ìdí rẹ̀ títí, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Orí Dàpọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wá já lé, torí òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ yẹn. Ọmọ Ìdọ̀fin ni, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni wọ́n bí i sí, kò mọ ọjọ́ ọjà kankan. Wọ́n ní kò bìkítà. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ló ń rò kiri. Ó pè mí, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi wò ó, ojú yín mú ju tèmi lọ."

Mo bá a wò ó. Ibi tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan ni mo ń mú un lọ, títí oòrùn fi wọ̀. Ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Apá tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, màdáámù sọ fún un pé bí ẹ̀rọ bá tún dúró, kó máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Mo fẹ́ yọ àfikún náà kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n ti wá ń ṣọ́ ẹ̀rọ lójú méjèèjì, ó sì máa ń fi orúkọ ẹni tó bá tún nǹkan ṣe han gbogbo wa. Ojo mú mi. Mo jẹ́ kí ọjọ́ ọjà pé.

Ìdí iṣu ni mo wà tí wọ́n pe ìpàdé sórí fóònù. Wọ́n ti ń sọ fún Dàpọ̀ pé kó kó ẹrù rẹ̀. Ìyá mi wo ojú mi, ó ní, "Gbé uṣu yìí kalẹ̀ ná, kí ọ sọ̀rọ̀." Kò mọ nǹkan kan o, ojú mi ló kà.

Mo gbé iṣu kalẹ̀. Mo tan fídíò kí gbogbo wọn lè rí ibi tí mo wà. Mo ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́ ọjà wa ló ń dá ẹ̀rọ yín dúró." Mo ṣàlàyé bí mo ṣe kọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́. Wọ́n máa ń ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi tà lọ́jọ́ náà. Ara mi fúyẹ́, ẹ̀rù kankan kò bà mí mọ́.

Wọ́n dá mi dúró fúngbà díẹ̀, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n bẹ Dàpọ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo padà, màdáámù ní kí n tún àfikún náà kọ, ní gbangba lọ́tẹ̀ yìí. Kálukú á kọ ọjọ́ tí kò ráyè sínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà, Jímọ̀ tàbí ìsìnkú nílé, ẹ̀rọ á sì wá ọjọ́ iṣẹ́ tó bá gbogbo wa mu. Ó ṣiṣẹ́ débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń bẹ̀ wá kí àwọn náà lò ó. Bí ọjọ́ ọjà bá pé báyìí, mo ń bá ìyá mi lọ lójú gbogbo ayé, ayọ̀ mi kò sì kéré.

Ìyàwó Dàpọ̀ ti bí obìnrin. Ìdọ̀fin ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ní Sátidé tí mo wí yẹn, Dàpọ̀ sì ní èmi ni kí n kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, nítorí pé èmi ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó rò pé ọjọ́ ìpàdé yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyà tó ń jẹ òun, kò sì padà ro ọjọ́ tí mo bá a wò ó títí oòrùn fi wọ̀. Kò mọ̀ pé mo ti mọ̀ tipẹ́, tí mo sì ń fọwọ́ ara mi mú un gba ọ̀nà òdì.

Mo ti pinnu pé màá sọ fún un kí wọ́n tó gbé ọmọ yẹn lé mi lọ́wọ́. Mo ti borí ojo lẹ́ẹ̀kan, màá tún borí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá ọ̀nà tí mo lè gbà dákẹ́. Bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ kọ́ mi.