Orin Àlùwàlá

Níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń kó orin sínú fóònù ní Bẹẹrẹ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá àgbà kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ àáfà. Ìyá fẹ́ kó orin ẹ̀sìn sí fóònù rẹ̀, àbúrò ní rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìlù ló kún inú gbogbo ẹ̀. Kò tọ́ ká máa gbọ́ ọ."

"Orin Ànábì náà?"

"Kùránì ni kí ẹ máa gbọ́."

"Mò ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Àáfà, nígbà tí Bàbá mú ọ lọ sílé kéú, ta ló ń kiri ẹ̀kọ ní Ọjà'ba? Èmi ni. Ta ló wá kọ́ mi ní àlùwàlá? Orin ni."

"Orin wo?"

"Èyí tí àwọn ìyá máa ń kọ ní agbo ilé wa. Kò nílù."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń fọwọ́ júwe bó ṣe ń lọ: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, títí dé ẹsẹ̀. Àáfà tẹ́tí, ó ń wá àṣìṣe. Kò rí ọ̀kankan.

"Orin ló kọ́ mi," ìyá tún wí. "Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?"

Mi ò tíì rí àáfà tó gbọ́ràn bíi tiẹ̀. Ó yọ fóònù tirẹ̀ jáde.

"A ò ní kó onílù o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìyẹn kọ, kí n gbà á sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń gbàgbé imú."